Léèdì kékeré tí mo gbé sí ẹ̀yìnkùlé: bọ́ọ̀ṣì Ìyá Alata ló jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí

Mo ra idẹ, mo fi léèdì tuntun mi, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e róbótó, gé e ní bọ́ọ̀ṣì, òrùka tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, fún ẹ̀rọ ìlọta Ìyá Alata, mo fi sáńpépà dán an títí ó fi ń dán gbinrin. Mo gbé e dé ilé ata, mo tì í wọ ojú ihò rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Apá kan há pinpin, apá kejì ń mì jẹgẹjẹgẹ. Ìyá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?" Oníbàárà mẹ́fà ló tò sílẹ̀ pẹ̀lú ata nínú báàfù. Ojú tì mí débi pé mi ò lè dáhùn.

Nígbà tí mo délé, mo fi micrometer, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí irin ṣe nípọn, wọ̀n ọ́n. Ẹnu kan jẹ́ 32.00 mm, ẹnu kejì 31.91 mm, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀ṣì náà ò gùn ju 60 mm lọ. Ẹ̀rọ tí mo fi ₦1,650,000 rà, irin tó bá gé, ṣónṣó ló ń ṣe.

Mi ò ní fi ìwọ̀n rẹ̀ dá yín dúró. Léèdì kékeré ilẹ̀ Ṣáínà tí gbogbo wa mọ̀ ni, tí àwọ̀ àti orúkọ rẹ̀ ń yí padà láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíì. Ó lè yí irin tó fẹ̀ tó 180 mm, èèyàn méjì á sì gbé e. Iṣẹ́ mi ni àtúnṣe ẹ̀rọ ìlọta. Tẹ́lẹ̀, Gate n'Ìbàdàn ni mo máa ń gbé bọ́ọ̀ṣì àti púlì lọ, lọ́dọ̀ Bàbá tọ́nà kan tó ń fi léèdì gé irin, ṣùgbọ́n èrò ń pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, bọ́ọ̀ṣì kan lè gba ọjọ́ méjì. Ìdí tí mo fi fẹ́ ní tèmi nìyẹn.

Tòkunbọ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ wò ní Owódé Onírin l'Ékòó. Mo rí Colchester Student kan níbẹ̀, ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkàn mi sì fà sí i gan-an. Ó wúwo ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ, motor rẹ̀ sì ń jẹ iná three-phase tí kò sí nílé mi. Mo tún ṣe ohun tí Bàbá ti kọ́ mi. Mo gbé carriage, apá tó ń gbé ọ̀bẹ rìn, sún mọ́ chuck, ẹnu tó ń di irin mú, mo fún carriage náà títí tí kò fi mì mọ́, mo wá ń tì í lọ sí ọ̀nà tailstock, apá tó ń ti irin lẹ́yìn ní ìdí kejì. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi há. Bẹ́ẹ̀dì, irin gígùn tí carriage ń rìn lórí rẹ̀, ti jẹ lápá chuck níbi tí iṣẹ́ ti ń pọ̀ jù, ibi tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lò ò sì tíì jẹ. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà tuntun o, ó rẹwà lójú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo lọ ra tuntun.

Mi ò ní dárúkọ àwọn tó tà á fún mi. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù dáa. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀rọ tó dé, ó rán mi létí pé kí n fi kẹrosíìnì nu gíríìsì pupa tí wọ́n fi pa á lára kúrò kí n tó tan án. Wọ́n kan pákó yí i ká dáadáa, ọjọ́ kejì ló dé Ìbàdàn. Awakọ̀ bá mi gbé e dé ẹ̀yìnkùlé.

Bọ́ọ̀ṣì yìí ló yí ọ̀rọ̀ padà. Mo pè wọ́n ní ọjọ́ Ajé. Ọmọbìnrin náà gbé fóònù fún ọkùnrin kan tó ní òun ni ọ̀gá tó ń mójú tó ẹ̀rọ. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi ní, "Ẹ̀rọ tuntun kì í gé irin wọ́. Ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó." Mo gbà á mọ́ra. Mo fi irin 25 mm sínú chuck, mo jẹ́ kó yọ síta ní 100 mm, mi ò fi tailstock tì í lẹ́yìn, mo gé e fẹ́ẹ́rẹ́, mo wọn orí àti ìdí. Ìyàtọ̀ 0.14 mm. Mo ya fídíò gbogbo rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó wò ó, kò fèsì fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo tún pè, ó ní kí n fi owó ara mi gbé e padà wá sí Èkó, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Èmi tí mo sanwó pé!

Bàbá tọ́nà ni mo lọ bá. Wọ́n gun ọ̀kadà wá, báàgì kékeré kan lọ́wọ́ wọn. Wọn ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni wọ́n yọ, tiwọn máa ń rí ohun tí ti bíríkìlà ò lè rí. Wọ́n gbé e dábùú bẹ́ẹ̀dì lápá chuck, wọ́n wò ó, wọ́n gbé e lọ sápá kejì. Omi inú rẹ̀ sún.

"Ta ló jó tábìlì yìí?"

Mo ní wẹ́dà àdúgbò ni.

"Kò tẹ́jú. O de ẹ̀rọ mọ́ ọn, tábìlì wá lọ́ ọ bí aṣọ."

Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà. Wọ́n tú bóòtù, wọ́n fi páànù àlòkù agolo mílíìkì sábẹ́ ẹsẹ̀ kan, wọ́n dè é padà. A tún gé irin, ó bọ́ sí 0.09. Bàbá mi orí. Wọ́n tú orí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, apá tó gbé chuck, kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi èékánná họ abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí n wò ó. Ọ̀dà tó gbẹ, tó le bí òkúta, kò ju ààbọ̀ hóró ìrẹsì lọ, ló jókòó sáàárín irin méjì. Ilé iṣẹ́ ló ti bá a wá. Wọ́n nù ún, wọ́n dá orí padà, a gé irin. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì nítorí ojú mi ò gbà á gbọ́. Ìyàtọ̀ 0.01 ní 100 mm.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí. Idẹ ń fọ́n jáde lẹ́nu ọ̀bẹ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, irin sì ń ká jáde bí irun ọmọ ọwọ́. Mo ṣe bọ́ọ̀ṣì mìíràn, ó wọ inú ẹ̀rọ Ìyá Alata láìmì rárá. Láàárín oṣù méjì, mo ti ṣe mọ́kàndínlógún.

Ẹ ra stabilizer o, torí bọ́ọ̀dù tó ń darí eré motor kì í fẹ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn jíà ike inú rẹ̀ náà, ẹ má fi wọ́n ṣeré. Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé irin sọ́tọ̀ há sínú irin lọ́jọ́ kan, eyín jíà mẹ́ta ká. Mo fẹ́ fi jíà onírin rọ́pò, Bàbá ní kí n má dán an wò, pé bí ike ò bá kọ́kọ́ ká, bọ́ọ̀dù ló máa jó. Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu.

Mo fi fọ́tò ọ̀dà yẹn ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà. Ó pè mí láàárín wákàtí kan, ó bẹ̀ mí, ó sì ṣèlérí jíà méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin yẹn ò pè títí di òní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ mú micrometer dání, kí wọ́n gé irin lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un. Jíà kan ti dé, mo ṣì ń retí ìkejì.