Bọ́ńpà tuntun Ṣáínà àti bọ́ńpà Belgium: ohun tí méjèèjì fi ojú mi rí lórí Corolla mi

Bọ́ńpà iwájú méjì ni mo rà fún Corolla 2006 mi láàárín oṣù márùn-ún. Èkíní, tuntun nínú ọ̀rá, ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣáínà ló ṣe é, kì í ṣe Toyota. Èkejì, ojúlówó Toyota, àlòkù tí wọ́n tú lára mọ́tò lókè òkun, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní Belgium, ibi yòówù kó ti wá. Kí n tó rà á, gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ní Àkúrẹ́ ló ń sọ pé "ṣá ti ra original", ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ohun tó yẹ kí n wò lára rẹ̀ fún mi. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Ọkọ̀ akérò kan ló ń fi ẹ̀yìn rìn nítòsí Ọjà Ọba. Kò wẹ̀yìn, ó sì fi irin ìdí rẹ̀ gún bọ́ńpà mi lábẹ́ iná ọwọ́ òsì. Awakọ̀ náà dọ̀bálẹ̀, àwọn èrò bá a bẹ̀ mí, mo ní kó máa lọ. Bọ́ńpà ti ya láti etí títí dé ibi tí nọ́ńbà wà. Panẹ́bítà tó wò ó ní òun lè fi irin gbígbóná lẹ̀ ẹ́ pọ̀, àmọ́ kò ní pẹ́ tí yóò tún ṣí.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ, wọ́n gbé méjì kalẹ̀ fún mi. Tuntun dúdú kan, ₦38,000. Belgium kan tí ọ̀dà fàdákà ṣì wà lára rẹ̀, ₦75,000. Mo béèrè tuntun tí Toyota fúnra rẹ̀ ṣe. Oníṣọ́ọ̀bù ní àfi kí òun ránṣẹ́ sí Èkó, iye tó sì pè lé ní ìlọ́po mẹ́rin owó Belgium. Ọ̀rọ̀ yẹn parí síbẹ̀. Mi ò lè ná irú owó bẹ́ẹ̀ sórí ike mọ́tò tí wọ́n ti ń lò láti 2006.

"Ẹ̀gbọ́n, tuntun ni tuntun ń jẹ́," ni oníṣọ́ọ̀bù wí. "Belgium yẹn, ẹ ò mọ ibi tó ti jà wá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo ná an dé ₦36,000, mo gbé tuntun.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni pé ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. ₦30,000 ni wọ́n gbà, ó sì ń dán bí dígí. Ìgbà tí a wá gbé e dé ara mọ́tò ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Apá ọ̀tún wọlé, apá òsì kọ̀. Láàárín bọ́ńpà àti iná iwájú, ìka ìlábẹ̀ mi wọ ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ihò tó yẹ kí kílíìpù wọ̀ lẹ́bàá fẹ́ńdà, irin tó bo táyà iwájú, kò bá ara wọn mu. Wọ́n da omi gbígbóná lé ike náà kó lè rọ̀. Ó rọ̀ lóòótọ́, nígbà tó tutù ó padà sí bó ṣe wà. Wọ́n bá fi díríìlì lu ihò tuntun, wọ́n fi síkúrù dè é mọ́ fẹ́ńdà. Mi ò lè dá a padà mọ́, ta ni yóò gba ọjà tí mo ti kùn?

Ohun tó ń fa èyí kò ṣòroó yé. Àwọn tó ń ṣe irú bọ́ńpà yìí kò ní mọ́ọ̀dù Toyota, ohun tí wọ́n fi ń mọ ike náà, lọ́wọ́. Ojúlówó kan ni wọ́n máa ń gbé síwájú, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi ìwọ̀n yẹn ṣe mọ́ọ̀dù tiwọn. Bí ìwọ̀n bá fi mìlímítà díẹ̀ yàtọ̀, ẹ̀gbẹ́ iná iwájú ni ẹ ó ti rí i. Èyí kò sọ pé gbogbo wọn ni kò dáa. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan wà tí ń jẹ́ CAPA, láti 1987 ni wọ́n ti ń yẹ irú páàtì bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n á lẹ àmì mọ́ èyí tó bá yege. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí tí mo fọwọ́ kàn ní Àkúrẹ́, kò sí ọ̀kan tó ní àmì náà.

Iṣẹ́ máa ń gbé mi lọ sí Adó-Èkìtì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó rí, láti Ìta-Ògbólú títí dé Ìkẹ́rẹ́, mọ ohun tí ojú mọ́tò ń rí níbẹ̀. Kò pé oṣù kan tí bọ́ńpà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún pakapaka. Ibi tí wọ́n lu síkúrù sí sán. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo àlùbọ́sà. Ti ọ̀dà yìí, ẹ̀bi pẹ́ńtà ni, kì í ṣe ti bọ́ńpà. Ike irú èyí kì í gba ọ̀dà bọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ òróró ilé-iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n fi sáńpépà ha á, kí wọ́n sì fín plastic primer, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ike, sí i kí ọ̀dà gan-an tó kàn án. Pẹ́ńtà mi kò ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Nígbà tí mo fẹ́ ra èkejì, mo bẹ Bàbá panẹ́bítà kan tó ti dàgbà nídìí iṣẹ́ kí wọ́n bá mi lọ. Wọn ò tiẹ̀ wo iwájú bọ́ńpà kankan. "Yí i padà," ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀yìn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Èkíní tí a yí, wọ́n ti fi fáíbà lẹ̀ ẹ́ nínú, wọ́n wá kùn ún lójú. Èkejì, etí tí kílíìpù ń wọ̀ ti kán méjì. Ẹ̀kẹta dáa, àmọ́ ti 2003 ni. Oníṣọ́ọ̀bù ń búra pé ọ̀kan náà ni. Bàbá mi orí: "Ní 2005 ni wọ́n yí ojú Corolla yìí padà, àti iná àti gíríìlì. Má tà á fún ọmọ mi." Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ẹ̀kẹrin la mú. Orúkọ Toyota wà lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 52119, bí nọ́ńbà bọ́ńpà iwájú Toyota ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tẹ >PP< sí i láti fi irú ike rẹ̀ hàn. Ó wúwo lọ́wọ́ ju ti Ṣáínà lọ. Kí n tó san kọ́bọ̀, a gbé e kọ́ mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ń gbọ́ bí àwọn kílíìpù ṣe ń wọlé, pá, pá, pá, láìsí omi gbígbóná, láìsí díríìlì. Mo san ₦70,000 tìdùnnú-tìdùnnú.

Ohun tó bà mí lẹ́rù kì í ṣe ike ìta náà rárá. Nígbà tí Bàbá tú ti Ṣáínà kúrò, wọ́n pè mí wá wò ó. Irin gbọọrọ tó na láti ọ̀tún dé òsì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tó yẹ kó wà níwájú irin náà kò sí. Ike ìta tí a ń kùn, ojú lásán ni; fọ́ọ̀mù àti irin yẹn ló ń gba ìkọlù. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n ti yọ ọ́, bóyá kí n tó ra mọ́tò ni. Mo ti fi mọ́tò yẹn gbé àwọn ọmọ mi lọ sí iléèwé láràárọ̀! ₦12,000 ni mo ra fọ́ọ̀mù Belgium. Ẹ jọ̀ọ́, nígbàkigbà tí wọ́n bá tú bọ́ńpà yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀. Mo lè gba ike Ṣáínà, ṣùgbọ́n fún irin àti fọ́ọ̀mù, ojúlówó ni mo fara mọ́.

Bàbá tún ní kí n ra àwọn ike kéékèèké tó máa ń di bọ́ńpà mú lábẹ́ iná, ₦4,000 fún méjì. Àwọn tó ṣe ti àkọ́kọ́ ti sọ wọ́n nù. Pẹ́ńtà mìíràn gba ₦30,000. Nọ́ńbà ọ̀dà tó wà lára ìwé pẹlẹbẹ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, níbi tí wọ́n kọ C/TR sí, ló fi po ọ̀dà, kò fojú dá a. Iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá, ₦8,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦124,000. Ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú ₦8,000 tí wọ́n gbà láti dè é, ₦74,000 ni, ó sì ti wọlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ta mọ́tò rẹ̀ láìpẹ́, tàbí tí kì í jáde kọjá Alágbàká àti FUTA nínú Àkúrẹ́ níbí, bọ́ńpà Ṣáínà lè tó o, bí ó bá gbé e kọ́ mọ́tò wò kí wọ́n tó kùn ún. Aládùúgbò mi kan ní i lẹ́yìn Camry rẹ̀, ó jókòó dáadáa. Èmi tí mo ń lọ sí Adó kò lè tún rà á.

Oṣù keje rèé tí Belgium ti wà lára mọ́tò. Òkúta ti ha á nísàlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dún rí, ọ̀dà rẹ̀ ò sì ṣí.