Chart.js àti àtẹ onígi tí àwọ̀ rẹ̀ gun orí ara wọn: ohun tí ojú mi rí

Ojú ewé ilé ìkàwé kan ni mo ń ṣe. Wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn rí iye ìwé tí wọ́n ń yá lóṣooṣù, kí wọ́n sì rí i nínú iye yẹn èyí tó jẹ́ ti ọmọdé, ti ọ̀dọ́ àti ti àgbà. Igi kan fún oṣù kan, àwọ̀ mẹ́ta lára igi kọ̀ọ̀kan. Ìkànnì kan tó ń bá èèyàn ya àtẹ ni mo kọ́kọ́ lò. Ó yà á lóòótọ́, àmọ́ ó lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn gàdàgbà. Google Charts náà wù mí, ṣùgbọ́n orí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ojú ewé jáde) ti Google ni kóòdù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa wá, èmi sì fẹ́ kí ohun gbogbo wà lọ́dọ̀ wa. Bí mo ṣe dé ìdí Chart.js nìyẹn, àkójọ kóòdù JavaScript tó ń ya àtẹ sójú ewé. Ọ̀fẹ́ ni, fáìlì rẹ̀ sì ṣeé gbé sórí sáfà ẹni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò dùn. Kóòdù àtijọ́ kan ni mo dà kọ, èyí tó ní xAxes àti yAxes nínú (orúkọ tí wọ́n ń pe ìlà ìsàlẹ̀ àti ìlà ẹ̀gbẹ́ àtẹ nígbà náà). Láti ẹ̀yà 3 tó jáde ní 2021 ni wọ́n ti pa ìyẹn tì. X àti y lásán là ń kọ báyìí. Àtẹ náà kò ṣe bíi pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ó kàn to igi mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Inú console (ibi tí aṣàwákiri ń kọ àṣìṣe sí) ló ti ń ké, èmi ò sì wo ibẹ̀. Ẹ̀bi mi ni.

Mo tún un kọ, mo fi stacked: true (àṣẹ tó wà fún títò lórí ara) sí x, mo gbàgbé y. Igi wá ń bo igi. Òǹkà ẹ̀gbẹ́ ló tú àṣírí: nínú dátà tí mo fi ń dán an wò, ọmọdé yá 120, ọ̀dọ́ 80, àgbà 45, ó yẹ kí igi yẹn ga dé 245, àmọ́ òǹkà ò kọjá 120. Ti x ló ń ní kí wọ́n dúró lójú kan náà, ti y ló ń ní kí ọ̀kan gun orí èkejì. Méjèèjì ni kí ẹ fún ní true, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ẹni tí yóò wà nísàlẹ̀. Èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ kọ nínú datasets (àkójọ iye tí àtẹ ń yà) ló ń jókòó sórí ilẹ̀, òun nìkan sì ni ojú lè fi wé láti oṣù dé oṣù. Mo ti to ọmọdé sísàlẹ̀ torí pé òun ló pọ̀ jù. Alábòójútó ilé ìkàwé wò ó títí, ó ní, “Àwọn ọ̀dọ́ yìí, ṣé wọ́n ń pọ̀ sí i ni àbí wọ́n ń dín kù?” Ẹnu mi wọhò. Orí ọmọdé ni ọ̀dọ́ jókòó sí. Bí ọmọdé bá ti ga, ọ̀dọ́ náà á gòkè, kódà kó ti kéré sí i. Mo tẹ orúkọ “Ọmọdé” lókè àtẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ pòórá, tí ọ̀dọ́ já bọ́ sílẹ̀, gbogbo wa sì rí i pé ó ń dín kù. N ò kọ kóòdù kankan fún ìyẹn o, bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Òun ni mo fẹ́ràn jù lára Chart.js. Mo sì gbé ọ̀dọ́ sísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn? Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo igi ga bákan náà, kí ẹ fi ìdá ọgọ́rùn-ún hàn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe ìṣirò rẹ̀ tàbí kí ẹ wá plugin (àfikún kóòdù). Bí ẹ bá gbé máòsì lé igi, ẹyọ àwọ̀ kan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àfi kí ẹ fi mode: 'index' sínú interaction nínú ètò àtẹ, kí gbogbo àwọ̀ igi náà lè jọ sọ̀rọ̀; àròpọ̀ náà ò sí níbẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́ sí i. Lórí fóònù, àtẹ náà rí ràdàrada, ó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Mo yí maintainAspectRatio (èyí tó ń so ìbú àti gíga àtẹ pọ̀) sí false, mo sì fún àpótí rẹ̀ ní gíga tirẹ̀, ó bá yanjú.

Ọ̀kan ṣì kù tí n kò lè fojú fo. Orí canvas (pátákó ìyàwòrán inú ojú ewé) ló ń ya àtẹ sí, àwòrán lásán sì nìyẹn lójú ẹ̀rọ tó ń ka ojú ewé fún afọ́jú: kò rí igi, kò rí òǹkà. Mo fi aria-label (àkọlé tí ẹ̀rọ yẹn lè kà) sí i, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ò lè ro ẹjọ́ oṣù mẹ́fà. Tábìlì HTML gidi ni mo wá tẹ́ sábẹ́ àtẹ náà, tòun ti àròpọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni alábòójútó ti ń da iye kọ báyìí.