Àfikún GPS fún Símúlétọ̀ Ọkọ̀ Òfurufú Inú Ilé: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra àfikún GPS fún símúlétọ̀ ọkọ̀ òfurufú rẹ̀, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àfarawé fífò, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán. Yóò wo bí ojú ẹ̀rọ náà ṣe mọ́lẹ̀ tó, bí máàpù inú rẹ̀ ṣe rẹwà tó, àti bóyá bọ́tìnnì ara rẹ̀ jọ ti inú ọkọ̀ òfurufú gidi. Gbogbo ìyẹn dára, àmọ́ kò lè sọ fún wa èyí tó yẹ lówó àti èyí tí a ó pa tì láìpẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kí ó ṣáájú ni pé, ta ló kọ ọgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ojú ẹ̀rọ náà? Ṣé ilé-iṣẹ́ tó ṣe GPS gidi ọ̀hún ni, àbí ẹlòmíràn ló fara balẹ̀ wo iṣẹ́ rẹ̀, tó sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀? Láti ara ìdáhùn ìbéèrè yìí ni gbogbo ìyàtọ̀ tó kù ti ń jáde.

Garmin, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ibùdó iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Olathe ní ìpínlẹ̀ Kansas, ni orúkọ tó gba ojú pánẹ́ẹ̀lì àwọn ọkọ̀ òfurufú kéékèèké kan. Ẹ̀rọ GPS rẹ̀ tó ń jẹ́ GNS 430 jáde ní 1998, GNS 530 tó tóbi jù ú lọ sì tẹ̀ lé e. G1000, tó sọ gbogbo pánẹ́ẹ̀lì di ojú ẹ̀rọ ńlá, dé ní 2004, nígbà tí GTN 650 àti GTN 750, tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú, dé ní 2011. Kí àwọn awakọ̀ lè kọ́ bí a ṣe ń lo àwọn ẹ̀rọ yìí kí wọ́n tó wọ inú ọkọ̀, Garmin ṣe ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a lè gbé sórí kọ̀ǹpútà Windows. Ọgbọ́n inú ẹ̀rọ gidi náà ló wà nínú ètò yìí. Ohun tí a bá tẹ̀ níbẹ̀, bí yóò ṣe dáhùn nínú ọkọ̀ òfurufú náà ló ṣe máa dáhùn.

Èyí ló pín ọjà yìí sí ọ̀nà méjì. Ní ọ̀nà kìíní, a rí Reality XP, Flight1 àti TDS Sim Software, tí wọ́n mú ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Garmin, tí wọ́n sì so ó mọ́ símúlétọ̀, kí ibi tí ọkọ̀ wà, bó ṣe ń sáré tó àti ibi tó dojú kọ lè máa wọ inú rẹ̀, kí àṣẹ rẹ̀ sì lè máa padà sọ́dọ̀ ọ́tòpáílọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọ̀nà kejì, a rí Working Title, PMS50, àti àwọn GPS tí Laminar Research fi sínú símúlétọ̀ tirẹ̀, X-Plane. Àwọn wọ̀nyí kò lo ohunkóhun nínú ètò Garmin. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ fúnra wọn.

Kí a má fojú kéré ọ̀nà kejì yìí. Ẹni tó bá rántí GPS tó bá FSX, símúlétọ̀ Microsoft àtijọ́, wá ní 2006 yóò mọ bí ọ̀nà ti jìn tó, nítorí pé a kò lè kọ ètò ìrìnàjò sínú GPS yẹn nígbà tí a bá wà lófurufú. Yàtọ̀ sí fífò tààrà sí ibì kan tàbí yíyan ìlànà ìbalẹ̀, ohun tí a bá ti ṣètò kí a tó gbéra ni a ó máa tẹ̀ lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyípadà ọ̀nà lófurufú ni iṣẹ́ tí GPS gidi wà fún gan-an. X-Plane yanjú ìyẹn ní 2014 pẹ̀lú ẹ̀dà 10.30, èyí tó mú GNS 430 àti 530 tó ṣeé lò dáadáa wá. Lẹ́yìn náà ni Working Title, tó ń bá Microsoft ṣiṣẹ́ láti 2021, tún G1000 NXi, ẹ̀dà tuntun G1000, kọ fún Microsoft Flight Simulator, tó sì tún GNS 430W àti 530W, ẹ̀dà tuntun 430 àti 530, kọ pẹ̀lú. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Tí ẹ bá ti ní símúlétọ̀ náà, ẹ ti ní wọn, mo sì gbà pé ó pọn dandan kí olúkúlùkù lò wọ́n títí yóò fi rí ibi tí wọ́n kù sí, kí ó tó yọ owó jáde.

Ibo wá ni wọ́n kù sí? Ìbalẹ̀ ló máa ń fi í hàn. Tí a bá kàn ń fò lọ tààrà láti Èkó sí Ìbàdàn, tí a tẹ àmì DNMM, tí a tẹ DNIB, tí a sì jẹ́ kí ọ́tòpáílọ́ọ̀tì máa tẹ̀ lé ìlà tó wà lójú máàpù, kò sí àfikún kan nínú ọjà yìí tí kò ní ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé ìlànà ìbalẹ̀ tó ní ọ̀pọ̀ ìpele kalẹ̀, tó ní ìdádúró yíyípo, tàbí ìyípo tó ń pa jíjìnnà kan náà mọ́ sí VOR, ẹ̀rọ ìtọ́sọ́nà kan lórí ilẹ̀, tí a sì wá fagi lé ìbalẹ̀ náà nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé ilẹ̀, ibẹ̀ ni a ó ti mọ ọgbọ́n ẹni tó wà nínú ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Nígbà tí GNS 430 bá dé ibi tó yẹ kí awakọ̀ ti rí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, kò ní máa darí ọkọ̀ lọ sí ìpele tó kàn fúnra rẹ̀. Yóò kọ SUSP sí òkè bọ́tìnnì OBS, yóò sì dúró de àṣẹ. Ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ OBS ni yóò tó gbà pé ó ti pinnu láti gòkè padà, tí yóò sì gbé ọ̀nà ìgòkè náà kalẹ̀. Àwọn tuntun inú símúlétọ̀ máa ń rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìpinnu àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ni, nítorí pé ẹ̀mí èèyàn wà nínú ìpinnu gígòkè tàbí bíbalẹ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ dá a ṣe. Bákan náà ni abẹ́rẹ́ CDI, tó ń fi hàn bí ọkọ̀ ṣe yà kúrò lórí ìlà. Nínú GNS 430 àkọ́kọ́, nígbà tí a bá ń rìn lọ lójú ọ̀nà jíjìn, kí abẹ́rẹ́ tó kan etí, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti yà ní máìlì òkun 5. Nínú 430W, máìlì òkun 2 ni. Tí a bá súnmọ́ pápákọ̀, yóò di máìlì 1, nígbà tí ìlànà ìbalẹ̀ bá sì bẹ̀rẹ̀, yóò di 0.3. Ẹni tó bá fi àfikún tí kò ṣe ìyípadà yìí bó ti tọ́ kọ́ ọwọ́ yóò kọ́ ojú rẹ̀ ní irọ́.

Nínú irú ọ̀ràn báyìí, àwọn tó so ètò Garmin mọ́ símúlétọ̀ ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Ìdádúró yíyípo, fífò tààrà sí àárín ètò ìrìnàjò, yíyí ọ̀nà padà nígbà tí aláṣẹ òfurufú, ẹni tó ń darí àwọn ọkọ̀ láti ilẹ̀, bá yí ọkàn padà, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé ìlò Garmin, nítorí náà a lè gba ìwé ìlò ti ẹ̀rọ gidi sílẹ̀, kí a sì máa kà á lọ́wọ́ bí a ṣe ń fò. Working Title súnmọ́ èyí gan-an ní tirẹ̀, ju bí mo ti retí lọ́wọ́ ohun ọ̀fẹ́. PMS50 pẹ̀lú, tó ṣe àfarawé GTN 750 fún Microsoft Flight Simulator, ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó dín iṣẹ́ kù àti ẹ̀dà olówó tó kún jù ú lọ. Ẹ̀dà olówó yẹn lè gbé àwòrán ìlànà ìbalẹ̀ ti Navigraph, ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà àti àwòrán ìrìnàjò òfurufú, sójú ẹ̀rọ fún ẹni tó bá ti ń sanwó fún Navigraph, ìrọ̀rùn ńlá sì ni èyí.

Ọ̀rọ̀ dátà ni ọ̀pọ̀ òǹrajà máa ń gbàgbé, ó sì lè yí ìpinnu padà. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni àyípo AIRAC, ìyẹn ìgbà tí gbogbo ayé fi ń sọ dátà ìrìnàjò òfurufú di tuntun. Àwọn GPS tó ń gba dátà lọ́wọ́ símúlétọ̀ fúnra rẹ̀, bíi ti Working Title àti PMS50, yóò di tuntun nígbà tí dátà símúlétọ̀ bá di tuntun, ìbáà jẹ́ láti ọwọ́ àwọn tó ni ín tàbí láti ọ̀dọ̀ Navigraph, ilé-iṣẹ́ Sweden tí a ń sanwó àsansílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n dátà Garmin tó bá ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wá ni Reality XP àti TDS ń lò, Navigraph kò sì dé ibẹ̀. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí GPS máa sọ orúkọ ìlànà ìbalẹ̀ kan nígbà tí ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ń sọ òmíràn. Fún ẹni tó ń bá àwọn ẹlòmíràn fò lórí VATSIM, ìkànnì àwọn tó ń lo símúlétọ̀ pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí aláṣẹ òfurufú ti ń pàṣẹ pẹ̀lú dátà tuntun, ìyàtọ̀ yìí ń dani láàmú gidigidi. Yàtọ̀ sí èyí, ètò ìrìnàjò tó wà nínú ètò Garmin dá dúró lọ́tọ̀ sí ti símúlétọ̀. Ẹ má retí pé aláṣẹ òfurufú inú símúlétọ̀ yóò mọ̀ nígbà tí ẹ bá yí i padà.

Àwọn kan máa ń fẹ́ sanwó ńlá nítorí LPV, ìlànà ìbalẹ̀ tí satẹ́láìtì ń fún ní ìtọ́sọ́nà ìsọ̀kalẹ̀ tó péye. LPV nílò àmì àtúnṣe láti òfurufú: WAAS ni tiwọn ní Amẹ́ríkà, EGNOS ni ti Yúróòpù. Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ASECNA, àjọ tí Benin àti Togo wà lára rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú àmì bẹ́ẹ̀ jáde fún ìdánwò ní oṣù kẹsàn-án 2020, láti orí satẹ́láìtì Nàìjíríà, NigComSat-1R. Ẹni tó bá fẹ́ fi LPV kọ́ ọwọ́ dáadáa, kí ó gbé símúlétọ̀ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ti wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Tó bá jẹ́ pé Èkó, Ìlọrin, Cotonou àti Lomé nìkan ni ẹ fẹ́ máa fò sí, ẹ má fi LPV ṣe ìdí tí ẹ ó fi náwó.

Kí ẹ tó yan, ẹ wo kọ̀ǹpútà yín pẹ̀lú. Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Garmin tí a ń so mọ́ símúlétọ̀ kò ṣiṣẹ́ níbòmíràn ju Windows lọ. Ẹni tó ń lo X-Plane lórí Mac tàbí Linux, GPS inú X-Plane ni yóò lò, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ pàdánù. Ẹni tó ń lo Xbox kò lè lo TDS rárá. Ẹni tó ṣì wà lórí FSX tàbí símúlétọ̀ P3D (Prepar3D), Flight1 tàbí Reality XP ni tirẹ̀.

Ní ti ohun tí a ń fọwọ́ kàn, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti sọ. Fífi máòsì tẹ àmì pápákọ̀ sínú GNS 430 jẹ́ iṣẹ́ àṣelàágùn, nítorí pé nọ́ọ̀bù kékeré la fi ń yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wá, tí a sì ń fi ti ńlá sún síwájú. Ẹni tó bá ti tẹ DXXX ti Lomé báyìí rí ní àkókò tí aláṣẹ òfurufú ń pè é yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Knobster ti Sim Innovations, ilé-iṣẹ́ Netherlands, jẹ́ nọ́ọ̀bù onípele méjì tí a ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà, a sì lè fi í bá ètò Air Manager tiwọn ṣiṣẹ́ lórí ojú ẹ̀rọ kejì. RealSimGear ń ta odindi GNS 530 tó ní ojú tirẹ̀, tí a ń fi HDMI àti USB so pọ̀. Ó rẹwà, ọwọ́ sì ń mọ̀ ọ́n bí ti gidi, àmọ́ owó rẹ̀ ga ju ti àfikún èyíkéyìí tí mo ti dárúkọ lọ. Nígbà tí owó kò bá pọ̀, nọ́ọ̀bù náà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, àní kí ẹ tó ra àfikún kankan. GTN kò ní ìṣòro yìí púpọ̀, nítorí pé lẹ́tà la ń tẹ̀ lójú rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ afọwọ́tẹ̀ kékeré kan ti tó fún un.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹni tó ń múra láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú ọkọ̀ ibẹ̀. Tó bá jẹ́ GTN, TDS GTNXi ni kí ó rà fún Microsoft Flight Simulator, kí ó sì fara da ọ̀rọ̀ dátà, torí pé àṣà ọwọ́ tó bá kọ́ níbẹ̀ ni yóò gbé wọ inú ọkọ̀. Tó bá jẹ́ G1000, NXi ọ̀fẹ́ ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fò fún ìgbádùn lásán, tó sì fẹ́ GTN, PMS50 ló rọrùn jù lọ fún un, ibi tí mo sì máa gbà á nímọ̀ràn láti ná owó tó kù sí ni Navigraph.

Ẹ tún yẹ ọkọ̀ òfurufú tí ẹ fẹ́ràn jù wò kí ẹ tó sanwó, nítorí pé kì í ṣe gbogbo pánẹ́ẹ̀lì ló gba gbogbo àfikún. Àwọn ọkọ̀ Black Square, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú fún símúlétọ̀, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ kí a pààrọ̀ GNS 530, PMS50 àti TDS lójú pánẹ́ẹ̀lì kan náà láìtún ọkọ̀ gbé kalẹ̀, nígbà tí àwọn ọkọ̀ mìíràn kò gbà ju èyí tó bá wọn wá lọ. Ojú ìwé tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ náà ló máa ń sọ àwọn àfikún tó gbà, ní orúkọ; tí kò bá dárúkọ èyí tí ẹ fẹ́ rà, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà, kí ẹ sì dúró de èsì rẹ̀ kí ẹ tó fi káàdì dọ́là yín sanwó.