Másítà ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́: kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ohun tí wọ́n ń tà

Bí ẹ bá kó ìwé ìpolówó yunifásítì mẹ́wàá tó ń kọ́ni ní ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́ jọ, àkọlé wọn máa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwòrán ara wọn náà jọra: ẹnìkan dé akoto, ó mú ìwé dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà nínú wọn ni kò jọra. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ kan, ẹni tí kò bá sì mọ̀ lè fi ọdún méjì kọ́ iṣẹ́ tí kò ní lọ́kàn. Nítorí náà, n kò ní tíì sọ̀rọ̀ sátífíkéètì, dípúlómà tàbí másítà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀.

Ààbò níhìn-ín, ìlera lọ́hùn-ún

Àkọ́kọ́ ni ìṣàkóso ààbò. Òfin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà bí a ṣe ń rí ewu kó tó ṣẹlẹ̀, bí a ṣe ń tú ìdí ìjàǹbá, bí a ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí tí yóò fi yọwó sílẹ̀, àti bí a ṣe ń gbé ISO 45001 kalẹ̀, ìlànà àgbáyé fún ìṣàkóso ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́ tó jáde ní 2018 tó sì gba ipò ìlànà àtijọ́, OHSAS 18001. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí, ìpàdé, ìwé kíkọ àti rírìn káàkiri ibi iṣẹ́ ni yóò máa bá kiri.

Ìkejì ni wọ́n ń pè ní occupational hygiene. Ní Amẹ́ríkà, industrial hygiene ni. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín, kò kan ilẹ̀ gbígbá. Wíwọn nǹkan ni: eruku tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń mí símú ti pọ̀ tó, ariwo ẹ̀rọ ti le tó, kẹ́míkà wo ló ń gba awọ ara wọlé, ta ló yẹ kó dúró jìnnà sí i, báwo la ṣe máa fa afẹ́fẹ́ burúkú jáde. Kẹ́mísírì àti ìṣirò pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ti ń sá fún logarithm láti ilé ẹ̀kọ́ girama yóò tún bá a pàdé, nítorí òun ni wọ́n fi ń ṣírò dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, òṣùwọ̀n ariwo.

Èwo ló ṣe pàtàkì jù? Ní 2023, ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, fojú bù ú pé òṣìṣẹ́ bíi mílíọ̀nù 2.93 ló ń kú lọ́dọọdún nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Àìsàn ló pa bíi mílíọ̀nù 2.6 nínú wọn. Àwọn tí ìjàǹbá pa kò ju bíi 330,000 lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ wá ṣí àkójọ kọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wò, kí ẹ ka iye tó dá lé àìsàn. Bí ètò kan bá fi kọ́ọ̀sì méje sí ààbò, tó wá fi ẹyọ kan ṣoṣo sí ìlera, ààbò lẹ ń rà, ohun yòówù tí àkọlé lè máa sọ. Kò burú bí ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn. Ó burú bí ẹ bá rò pé ẹ ti ra méjèèjì.

Ní tèmi, ẹni tó ti kàwé sáyẹ́ǹsì tàbí ẹ̀rọ ni mo máa ní kó lọ sí ìhà hygiene, nítorí pé ẹni tó lè wọn nǹkan lè padà kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso. Ẹni tó mọ ìṣàkóso nìkan kì í sábà padà lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan. Ẹni tó wá láti ẹ̀ka òfin, ìṣàkóso tàbí ìkọ́lé, ìhà ààbò ló máa tètè sàn fún. Dókítà àti nọ́ọ̀sì ní ọ̀nà tiwọn: ẹ̀kọ́ ìṣègùn iṣẹ́, tàbí MPH (másítà ìlera gbogbogbò) tó ní ẹ̀ka ìlera òṣìṣẹ́. Másítà ààbò kò ní sọ dókítà di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ìṣègùn òṣìṣẹ́.

Ọgọ́ta, ọgọ́fà, ọgọ́sàn-án

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò náà rọrùn: sátífíkéètì lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ jẹ́ kírẹ́díìtì 60, dípúlómà 120, másítà 180. Kírẹ́díìtì kan dúró fún wákàtí 10, nítorí náà másítà jẹ́ wákàtí 1,800. Ẹ gbé e ka orí ìgbésí ayé yín. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé wákàtí 12 péré lẹ lè rí lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 150 nìyẹn, ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta. Ìwé ìpolówó tó sọ pé ọdún kan ààbọ̀ ni, ẹni tó lè fi wákàtí bíi 23 sílẹ̀ lọ́sẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ní Yúróòpù, ECTS, ìyẹn kírẹ́díìtì tiwọn, ni wọ́n ń kà, 60 sí 120 fún másítà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ wákàtí 25 sí 30. Ẹ má fi nọ́ńbà ìhà méjèèjì wé ara wọn ní tààrà. Kírẹ́díìtì méjì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń jẹ́ ECTS kan.

Láàárín dípúlómà àti másítà, ohun tó máa ń kù ni kírẹ́díìtì 60 ti iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀ síwájú lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé, tó fẹ́ di olùkọ́, tàbí tó ń wá iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìpolówó pé dandan ni másítà, kó ṣe é. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ibi iṣẹ́ ni ìwádìí náà fẹ́, iye àwọn tó farapa tàbí bí ariwo ṣe tó, agbanisíṣẹ́ púpọ̀ ni kò sì fẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde síta. Ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá yín kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ó kù oṣù mẹ́ta kí ẹ parí, ẹ máa rí i pé ọwọ́ ẹlòmíì ni ìwé yín wà.

NEBOSH ńkọ́?

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù nìyí: ṣé kí n ṣe másítà ni, àbí dípúlómà NEBOSH? Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Láti 1979 ni NEBOSH, ìgbìmọ̀ ìdánwò ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́, ti wà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìpele 6 ni dípúlómà rẹ̀ wà, ìyẹn bí ọdún tó gbẹ̀yìn oyè àkọ́kọ́. Ìpele 7 ni másítà. Ohun tí dípúlómà náà fi borí ni pé kò béèrè oyè yunifásítì lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wọlé, àwọn agbanisíṣẹ́ ní ibi epo rọ̀bì àti ìkọ́lé sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ibi tí másítà fi borí ni ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìwádìí. Àwọn yunifásítì kan máa ń ka dípúlómà náà mọ́ kírẹ́díìtì másítà. Nítorí náà, ẹni tí kò dá lójú lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó má baà sanwó ẹ̀kọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kàn rí i pé yunifásítì náà kọ iye kírẹ́díìtì tó máa kà fún yín sínú lẹ́tà.

Ta ló fọwọ́ sí i?

Ìbéèrè yìí ló lè ba owó yín jẹ́ jù. Yunifásítì lè gbayì kí ètò ẹ̀kọ́ ààbò rẹ̀ má sì ní ìfọwọ́sí ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kankan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, IOSH, ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́, lẹ máa wò. Ètò tó bá fọwọ́ sí ń ṣílẹ̀kùn ipò ọmọ ẹgbẹ́ fún yín. Ẹ kò ní di Chartered, ipò akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gíga nínú ẹgbẹ́ náà, lọ́jọ́ ìgboyè o. Ìrírí, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣì wà níwájú.

Ní Amẹ́ríkà, BCSP, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ààbò ní ìwé-ẹ̀rí, ló ń fúnni ní CSP, ìwé-ẹ̀rí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ààbò. Ó ń béèrè oyè àkọ́kọ́, ìrírí ọdún 4, ìwé-ẹ̀rí kan tó ṣáájú rẹ̀, àti ìdánwò. Ẹni tó bá jáde ní ètò ẹ̀kọ́ tí BCSP tẹ́wọ́ gbà lè gba GSP, ọ̀kan lára àwọn ìwé-ẹ̀rí tó ń ṣáájú CSP, láìjókòó ṣe ìdánwò ASP tó jẹ́ irú rẹ̀ mìíràn, ìdánwò odidi kan sì ti kúrò lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn. Ọsirélíà náà ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ ìlera àti ààbò iṣẹ́ wò.

Ìfọwọ́sí máa ń ní ọjọ́ tó máa parí. Ìkànnì ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí i ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ìwé ìpolówó ilé ẹ̀kọ́. Ẹ wo orúkọ ètò náà gan-an, ẹ wo bóyá ti ọ́nláìnì náà wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì wo ọdún.

Òfin ta ni wọ́n ń kọ́ yín?

Ẹ jẹ́ ká mú ariwo. Ká ní òṣìṣẹ́ kan dúró ti ẹ̀rọ tí ariwo rẹ̀ jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100. Lábẹ́ òfin OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó lè dúró níbẹ̀ fún wákàtí 2, nítorí 90 fún wákàtí 8 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 5 bá sì ti gun orí rẹ̀, àkókò á pín sí méjì. NIOSH, tó jẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà kan náà, tó sì ń fúnni nímọ̀ràn láìṣòfin, bẹ̀rẹ̀ láti 85, ó sì ń pín àkókò sí méjì ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú 15 ló máa fún òṣìṣẹ́ yẹn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀, 80 àti 85 ni agbanisíṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ gbé ìgbésẹ̀, 87 sì ni òpin. Ẹ̀rọ kan, etí kan, ìdáhùn mẹ́ta.

Ẹni tó bá kàwé ní ìlú kan kó lè lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn gbọ́dọ̀ mọ èyí. Ètò tó dára máa kọ́ yín ní ìdí tí nọ́ńbà fi yàtọ̀. Èyí tí kò dára máa ní kí ẹ há nọ́ńbà ìlú rẹ̀ sórí, ẹ sì máa tún un kọ́ nígbà tí ẹ bá kọjá ẹnubodè.

Ọ́nláìnì tàbí ìjókòó ní kíláàsì

Fún ìṣàkóso ààbò, n kò rí ohun tó burú nínú ọ́nláìnì. Ó tiẹ̀ lè dára jù, nítorí ohun tí ẹ kọ́ lálẹ́ lẹ máa gbé dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀. Ní hygiene, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tí kò tíì so ẹ̀rọ afamú-afẹ́fẹ́ (tó ń fa afẹ́fẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń mí símú, kí wọ́n lè wọn ohun tó wà nínú rẹ̀) mọ́ òṣìṣẹ́ lára rí, tí kò yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú àti lẹ́yìn bóyá ó ṣì ń fa iye afẹ́fẹ́ tó yẹ, kò tíì kọ́ iṣẹ́ náà, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ ga tó. Ètò ọ́nláìnì tó mọ ohun tó ń ṣe máa pe akẹ́kọ̀ọ́ wá sí láàbù fún ọjọ́ mélòó kan. Owó ọkọ̀ àti ilé ìgbé ọjọ́ wọ̀nyẹn kì í sí nínú owó ilé ẹ̀kọ́, bí owó ọmọ ẹgbẹ́ ọdọọdún kò ṣe sí níbẹ̀. Ẹ ṣírò wọn mọ́ ọn.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹni tó bá dúró lágbedeméjì lè gba sátífíkéètì tàbí dípúlómà lọ sílé. Ilé ẹ̀kọ́ tó fàyè gba ìyẹn, tó sì ń gba owó kọ́ọ̀sì kan lẹ́ẹ̀kan, ni mo máa kọ́kọ́ yàn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ń tọ́jú ọmọ. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń darí ètò náà, kì í ṣe sí ọ́físì ìgbaniwọlé: àwọn ẹ̀rọ wo gan-an ni ọwọ́ mi máa kàn kí n tó jáde, ẹ̀ẹ̀mélòó sì ni? Ẹni tó ní láàbù máa dárúkọ wọn fún yín níkọ̀ọ̀kan.