Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Olómi, Oníhóró, àbí Omi Ùgú: Èwo Ni Kẹ́ Ẹ Náwó Lé?

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ní kílíníìkì pé ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, tí ẹ wá dúró síwájú kẹ́míìsì láìmọ èyí tí ẹ ó rà, mo ti ná owó sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: èyí tó wà nínú ìgò, hóró tí gbogbo ayé ń pè ní fersolate, àti ùgú tí mò ń lọ̀ fúnra mi. Pé irin ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ti fi kọrin fún yín, n kò ní tún un kọ.

Iye irin tó wà níbẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ ni owó tèmi gbé wọgbó.

Nígbà tí mo lóyún ẹlẹ́ẹ̀kejì, PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó, jẹ́ 28. Ìgò ni mo rà, torí pé ó dùn, àwòrán aboyún tó ń rẹ́rìn-ín sì wà lára páálí rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìgò kejì, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mi wò: 27. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní, "Ìyàwó, gbé ìgò náà wá kí n rí i." Ó fi èékánná fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn rẹ̀: ferric ammonium citrate 200 mg nínú 15 ml. Ó ní gbogbo 200 yẹn kọ́ ni irin. Irin inú rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ, bíi 40. Ó wá bi mí pé ṣíbí wo ni mo fi ń mu ún. Ṣíbí tíì ni, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́: 5 ml péré. Nǹkan bíi 13 mg irin ni mò ń gbé mì, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún máa rí 30 sí 60 mg lójúmọ́, kódà kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé. Irin tó bá sì jẹ́ ferric, bíi ti inú ìgò mi yẹn, ìfun kì í gbà á dáadáa bíi ferrous, irú èyí tó wà nínú hóró.

Ti ṣíbí, èmi ni mo jẹ̀bi. Àmọ́ kí ló dé tí wọ́n fi kọ ọ́ wínní bẹ́ẹ̀?

Hóró ferrous sulphate 200 mg, ìyẹn fersolate, ní irin bíi 65 mg. Tó bá jẹ́ ferrous gluconate 300 mg ni wọ́n gbé fún yín, ẹ má jẹ́ kí 300 yẹn tàn yín jẹ. Irin bíi 35 ló wà nínú rẹ̀.

Adùn: ìgò ló borí. Owó: iye tí mo fi ra ìgò kan ra hóró tí mo lò fún oṣù méjì. Ìgbẹ́: hóró máa ń sọ ọ́ di dúdú, ó sì lè mú kó le, ẹ máa mu omi. Ọmọdé: hóró náà jọ súìtì lójú wọn, ó sì lè pa wọ́n, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ wọn kò tó.

Ùgú ńkọ́? Mílíìkì tí a ń bù sí i ló ń bí mi nínú. Gbogbo àdúgbò wa ló gbà pé ùgú, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ló ń dá ẹ̀jẹ̀ padà. Èmi náà pò ó títí. Kálísíọ̀m inú mílíìkì ń dí irin lọ́wọ́ láti wọ ara, tíì náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọsàn ló yẹ kẹ́ ẹ fi tì í. Irin inú ewé kì í wọ ara tó ti ẹran àti ẹja, nítorí náà, ẹ̀fọ́ rírò tí ẹja kún inú rẹ̀ wù mí ju ife omi ùgú lọ.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kó fúnra wọn ra ìkankan. Ẹni tó jẹ́ SS, kó bi dókítà rẹ̀ ná. Ọmọ tí àìjẹunrekánú mú débi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Níbẹ̀ pàápàá, wọn kì í fún un ní irin àfi tó bá ti ń jẹun, tó sì ti ń sanra.

Kálukú ló ní ibi tó dára sí. Ìgò wà fún ẹni tí kò lè gbé hóró mì, tó sì ní ìdérí tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ùgú wà fún ọbẹ̀. Hóró ni dókítà kọ fún mi, ó sọ iye tí màá lò, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ keje, PCV mi ti di 33.

Ìgò kejì yẹn ṣì wà lórí fíríìjì wa, kò tíì dé ìlàjì.