Midway tàbí Stalingrad: níbo ni Ogun Àgbáyé Kejì ti yí padà?

Ìjà Midway, erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì níbi tí Amẹ́ríkà ti bá Jàpáàn jà, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1942, ṣùgbọ́n ti Stalingrad, ìlú kan ní Rọ́ṣíà (Soviet Union ìgbà náà) níbi tí Soviet ti bá Jámánì jà, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, kò sì parí títí di ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1943.

Ní ti òfò, Jàpáàn pàdánù mẹ́rin nínú àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá tí bàálù ogun ń gbéra lórí wọn. Amẹ́ríkà pàdánù ẹyọ kan, Yorktown. Ní Stalingrad, ẹ̀mí ènìyàn ni òṣùwọ̀n: nǹkan bí 91,000 ọmọ ogun Jámánì ni Soviet kó ní ìgbèkùn níkẹyìn, ìwọ̀nba ẹgbẹ̀rún díẹ̀ péré ló sì padà délé.

Midway léwu jù lójú tèmi, nítorí pé orí àṣírí ọ̀rọ̀ Jàpáàn tí Amẹ́ríkà tú ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Àwọn Soviet ní tiwọn fi sùúrù kó ọmọ ogun jọ kí wọ́n tó yí Jámánì ká ní oṣù Kọkànlá.

Ẹni tó ń kọ̀wé nípa ogun orí òkun Pàsífíìkì kò lè fo Midway. Ẹni tó ń wádìí bí ọ̀nà Berlin ṣe là, Stalingrad ni kó mú.