Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì Ìrọ̀lẹ́ ní Arákàlẹ̀: Ojú Aránṣọ Ni Mo Fi Wò Ó

Bí ẹ bá ní iṣẹ́ ọwọ́, tí àwọn oníbàárà yín sì ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí yín láti ìlú òyìnbó, kíláàsì yìí tó owó rẹ̀. Bí ìwé ẹ̀rí tí ẹ máa gbé kọ́ ara ògiri lẹ ń wá, ẹ má wulẹ̀ gun àtẹ̀gùn yẹn rárá.

Ẹ̀yìn ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ni, lójú ọ̀nà Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, ₦6,000 lóṣù. Àga oníke ni a ń jókòó lé, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì ló sì máa ń kù fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Ìyá kan ń lọ ata nísàlẹ̀ wa. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ti dún, Bàbá Tíṣà á dákẹ́, wọ́n á máa wo àjà títí ata á fi kúnná. Ẹ jókòó síwájú.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni oníbàárà mi kan tó ń gbé ní Houston. Ó rí búbù àdìrẹ tí mo rán lórí Facebook, ló bá kọ ọ́ sí mi pé: "Do they run small? And will the colour run?" Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé "run" ni kéèyàn sáré. Búbù wo ló wá ń sáré? Mo bi ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, òun náà ń wojú mi.

Bàbá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí mo gbé fóònù mi lọ bá wọn, wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n kọ "pa" gàdàgbà sójú pátákó, wọ́n ní kí kálukú sọ ohun tó ń pa. Ẹran, iná, irọ́, òwe, àlọ́, àṣẹ. Ìyá Ẹlẹ́ja ní owó lòun ń pa ní tòun. Tíṣà ní nínú gbogbo èyí tí a kà yìí, mélòó ló ní ẹ̀jẹ̀ nínú? Ìgbà náà ni wọ́n tó nu pátákó, tí wọ́n kọ "run".

Wọ́n ní nínú atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá ti Oxford, ẹ̀dà kejì tó jáde ní 1989, "set" ni àlàyé rẹ̀ gùn jù lọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì lé ní 400. Nígbà tó fi máa di 2011, "run" ti gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́: ìtumọ̀ 645 ni wọ́n kà fún un, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Peter Gilliver, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ìwé náà, ló fi oṣù mẹ́sàn-án tò wọ́n. Oṣù mẹ́sàn-án lórí ọ̀rọ̀ oní lẹ́tà mẹ́ta. Odidi oyún ni. Tíṣà ní ẹ̀rọ ló dá púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Láyé àtijọ́, èèyàn, ẹranko àti omi ló sábà máa ń "run". Ọkọ̀ ojú irin dé, òun náà ń "run". Ilé iṣẹ́ tẹ̀lé e, ètò orí kọ̀ǹpútà tẹ̀lé e. Ohun tó so wọ́n pọ̀, bí wọ́n ṣe là á yé wa, ni pé nǹkan kan ń lọ, kò dúró.

Àwọ̀ tó bá wá ń "run", aró ló ń jáde bí omi ṣe kàn án, tó ń ṣàn lọ ba aṣọ mìíràn jẹ́. Aṣọ tó "runs small", ìwọ̀n rẹ̀ ló kéré sí nọ́ńbà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó ń wọ 14 á ní láti mú 16. Mo dá oníbàárà mi lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà pé ìwọ̀n wa pé, kí wọ́n ṣáà dá a fọ̀ lọ́tọ̀, nínú omi tútù. Wọ́n sanwó.

Ibi tí mo ti gbà pé Tíṣà mọṣẹ́ ni ìgbà tí wọ́n ní kí n fa abẹ́rẹ́ yọ. Ara kọ́là mi ló wà, ibẹ̀ ni mo máa ń há a sí. Wọ́n na áńkáṣífù wọn sí mi, wọ́n ní kí n rán ìlà kan bí mo ṣe ń ṣe bí mo bá fẹ́ fún ẹnu ọwọ́ aṣọ jọ. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde, ó wọlé, ó jáde, kò padà sẹ́yìn. "Running stitch" nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pe orúkọ yìí, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi lé mi lẹ́nu, n kò sì bi ara mi rí pé kí ni "running" ń wá níbẹ̀. Èyí tó ń padà sẹ́yìn kó tó lọ síwájú, "backstitch" ni. Mo fa òwú náà, aṣọ ṣùjọ, kíláàsì pariwo. Wọ́n fi kún un pé bí ará Lọ́ńdọ̀n bá ní kí n "run up a skirt", kí n yára rán síkẹ́ẹ̀tì ni. Ìyẹn nìkan ni n kò fẹ́ràn. Oníbàárà wo ni kì í fẹ́ kí n yára tẹ́lẹ̀?

Mẹkáníìkì tó jókòó tì mí kó tirẹ̀ dé. Ẹ́ńjìnnì lè máa "run" kí ọkọ̀ wà lójú kan. Bátìrì lè "run down", kí agbára rẹ̀ tán. Ọkọ̀ lè "run over" adìẹ, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní "run into" ńkọ́? Tíṣà kọ ọ́ sókè: "I ran into your brother at Alagbaka." Ìyá Ẹlẹ́ja lọgun, "Jésù!" Ṣé wọ́n fi ọkọ̀ gbá a ni, àbí wọ́n kàn pàdé rẹ̀ lójijì? Ó lè jẹ́ èyíkéyìí. Tíṣà ní bí ògiri ló bá tẹ̀lé e, ẹ pe mẹkáníìkì; bí ẹ̀gbọ́n èèyàn ni, ẹ wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́ ná.

Ti ìbò pa mí lẹ́rìn-ín. Ará Amẹ́ríkà a máa "run for office", ará Gẹ̀ẹ́sì a máa "stand". Àwọn kan ń sáré lọ bá ipò, àwọn kan dúró dè é. Àwa níbí, a ń du ipò ni, ìjà sì wà nínú ìyẹn. Ọlọ́kadà kan ní kí wọ́n ṣàlàyé "ráńsì". Tíṣà ní ti Nàìjíríà nìyẹn, wọ́n yíjú sí pátákó. Ìyẹn dùn mí díẹ̀, torí òun ni gbogbo wa ń lò jù, ó sì yẹ kí á mọ̀ pé òyìnbó lè má gbọ́ ọ.

Àléébù wọn wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n ń tà ní ₦1,500. Fọ́tókọ́pì tí ojú rẹ̀ ti ṣú ni. "Run across", "run along", "run by", wọ́n tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbólóhùn abẹ́ wọn sì jẹ́ ti àwọn èèyàn tó ń rìn nínú yìnyín. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde, Tíṣà a di ẹlòmíràn: ẹ kà á, ẹ tún un kà. Oorun a kun wá. Wọn kì í sì í yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wò. Mo kọ gbólóhùn "ran" àti "has run" kún ojú ewé méjì, báírò pupa kò kàn án títí di òní. Oṣù kẹta, tí wọ́n ń pè ní oṣù ìwé ẹ̀rí, àsọtúnsọ ni, wọ́n sì ń gba owó lé e.

Ẹ san ti oṣù kan, ẹ wò ó. Ẹ mú gbólóhùn tó ń yọ yín lẹ́nu níbi iṣẹ́ dání, kí ẹ gbé e fún Tíṣà kí wọ́n tó na ọwọ́ sí ìwé pélébé yẹn. Àwọn ọmọ tó ń múra WAEC, ẹ wá ibòmíràn. Kò sí ibi tí èèyàn lè gbé ọkọ̀ sí nísàlẹ̀, ọ̀kadà ni kí ẹ gùn.